Ohun tí iṣẹ́ wọ́ọ̀dù kọ́ mi nípa àpọ́nlé tó yẹ òṣìṣẹ́ kékeré

Nínú ilé ìwòsàn, ẹni tó máa ń kọ́kọ́ rí i pé ara aláìsàn ti yí padà kì í sábà jẹ́ dókítà àgbà. Olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó ń wẹ̀ fún un ló máa ń rí i pé ẹsẹ̀ kan ti wú ju èkejì lọ. Ẹni tó ń gbé oúnjẹ kiri ló máa ń mọ̀ pé láti àná ló ti ń dá oúnjẹ padà láìfọwọ́ kàn án. Ẹni tó ń ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò ló máa ń gbọ́ pé èémí rẹ̀ ti ń dún lọ́nà mìíràn. Agbálẹ̀ ló máa ń bá ẹ̀jẹ̀ nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn tí agbára wọn kéré jù ló sún mọ́ aláìsàn jù, àwọn tó láṣẹ láti yí ìtọ́jú padà ló sì jìnnà sí i jù. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló so wọ́n pọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn á sì gbẹ lọ́nà ọ̀fun nígbà tí ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ bá rántí bí wọ́n ṣe dá a lóhùn nígbà tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ara ìtọ́jú aláìsàn ni bíbọ̀wọ̀ fún òṣìṣẹ́ kékeré wà, gẹ́gẹ́ bí fífọ ọwọ́ ṣe jẹ́ ara rẹ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó ní ibi tó ti máa ń bàjẹ́, ènìyàn sì lè kọ́ ọ.

Àwọn tí mò ń sọ ni nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí, dókítà tó wà ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́, olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ẹni tó ń gba ẹ̀jẹ̀ fún láàbù, akọ̀wé wọ́ọ̀dù, àwọn tó ń ti bẹ́ẹ̀dì, àwọn tó ń fọ aṣọ, àwọn tó ń gbálẹ̀, àti ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Púpọ̀ nínú wọn dàgbà ju ọ̀gá wọn lọ. Ìyá àgbà tó ti ń nu ilẹ̀ tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, láti ọdún pípẹ́, ó yẹ kí dókítà ọ̀dọ́ mọ orúkọ rẹ̀, kó máa fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, kó má sì súfèé pè é.

Ẹ̀rù ọ̀gá lágbára ju ohun tí ọ̀pọ̀ wa rò lọ. Ní 1966, Charles Hofling àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní dókítà, tí àwọn nọ́ọ̀sì kò mọ̀ rí, pè wọ́n lórí fóònù pé kí wọ́n fún aláìsàn kan ní mílígíráàmù 20 oògùn kan. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí oògùn náà pé 10 ni ó pọ̀ jù lọ tí ènìyàn lè lò lójúmọ́. Òfin ilé ìwòsàn sì ní wọn kò gbọ́dọ̀ gba àṣẹ oògùn lórí fóònù. Nínú nọ́ọ̀sì 22, 21 ló gbéra láti lọ fún aláìsàn ní oògùn náà kí wọ́n tó dá wọn dúró. Oògùn tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára ni wọ́n fi dán wọn wò. Àwọn nọ́ọ̀sì yẹn mọ̀wé kà, wọ́n sì mọ òfin. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé ìmọ̀ nìkan kì í la ẹnu ènìyàn. Ó gbọ́dọ̀ ti mọ̀ ṣáájú pé bóun bá bi ọ̀gá léèrè, ọ̀gá kò ní bínú.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà: ìgbà tí òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ tí kò sẹ́ni tó gbọ́. Ní 2005, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Elaine Bromiley lọ fún iṣẹ́ abẹ imú tí kò le. Lẹ́yìn tí wọ́n fún un ní oògùn oorun, àwọn dókítà kò rí ọ̀nà èémí rẹ̀ ṣí. Wọ́n ń tiraka láti ki ọ̀pá èémí sí i lọ́nà ọ̀fun, wọn kò sì mọ iye ìṣẹ́jú tó ti kọjá mọ́. Nọ́ọ̀sì kan ti lọ gbé irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣí ọ̀nà èémí láti ọrùn wá, ó sì sọ fún wọn pé ó ti dé. Òmíràn ti pe ibi ìtọ́jú àkànṣe pé kí wọ́n fi bẹ́ẹ̀dì kan sílẹ̀, àmọ́ bí wọ́n ṣe wò ó bí ẹni tó ń ṣe àṣejù, ó fagi lé e. Obìnrin náà kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Martin Bromiley, tó jẹ́ awakọ̀ òfurufú, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láti máa ṣàlàyé fún àwọn oníṣègùn pé àwọn nọ́ọ̀sì wọ̀nyẹn mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Mo máa ń ronú lórí ojú tí wọ́n fi wo nọ́ọ̀sì tó pe bẹ́ẹ̀dì yẹn. Kò sẹ́ni tó bú u, kò sẹ́ni tó lé e. Wọ́n kàn wò ó ni.

Nítorí náà, kì í ṣe ariwo nìkan ni àrífín. Ní 2008, Joint Commission, àjọ tó ń yẹ ilé ìwòsàn wò ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn nípa irú ìwà yìí. Wọ́n ka àìdáhùn ìbéèrè, àìpe ẹni padà lórí fóònù, àti ohùn ìfojúkéréni mọ́ igbe àti ìhalẹ̀. Mo fara mọ́ wọn. Ọ̀gá tó ń pariwo, gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n, wọ́n sì lè fẹ̀sùn kàn án. Ẹni tó ń yí ojú, tó ń pòṣé, tó ń gé fóònù mọ́ni létí, tó ń bá dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé nọ́ọ̀sì kò sí níbẹ̀, òun ló ń ba wọ́ọ̀dù jẹ́ fún ọdún mẹ́wàá láìsí ẹ̀sùn kan ṣoṣo.

Bẹ́ẹ̀ ni ìpalára rẹ̀ kì í mọ sórí ẹni tí wọ́n rí fín. Ìwádìí kan tí Arieh Riskin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Ísírẹ́lì, tó jáde ní 2015, kó ẹgbẹ́ 24 jọ láti àwọn ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Wọ́n ní kí wọ́n tọ́jú àìsàn ìfun líle kan lára ọmọ tí wọ́n fi ṣe ìdánrawò. Àwọn kan nínú wọn gbọ́ ọ̀rọ̀ àlùfànṣá díẹ̀ láti ẹnu ẹnì kan tí wọ́n ní ó jẹ́ ògbóǹkangí, ọ̀rọ̀ tí kò tilẹ̀ kan iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́. Àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà kò mọ àìsàn ọ̀hún tó àwọn ìyókù, ọwọ́ wọn kò sì já fáfá tó tiwọn. Wọn kì í sọ ohun tí wọ́n mọ̀ fún ara wọn tó, wọn kì í sì í bèèrè ìrànlọ́wọ́ tó. Aláìsàn ló ń jìyà rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń hàn jù ni ìpè òru. Nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ rí i ní aago méjì òru pé aláìsàn rẹ̀ ń mí kíá kíá, pé kò sì tọ̀ dáadáa. Ó gbé fóònù, ó tún gbé e sílẹ̀. Ó ń rò ó pé bóyá kò tó nǹkan, pé bí òun bá jí ọ̀gá sí nǹkan kékeré, òun yóò gbọ́ ọ lọ́la lójú gbogbo ènìyàn. Ó dúró títí di aago mẹ́fà. Ẹni tí àkóràn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń já wálẹ̀, wákàtí kan péré ló yẹ kó kọjá kí oògùn tó wọ inú iṣan rẹ̀. Ìdúró wákàtí mẹ́rin yẹn, ìdáhùn tí ẹnì kan fún un ní oṣù tó kọjá ló fà á: "Ṣé torí èyí lo ṣe jí mi?"

Ohun méjì ló máa ń tún èyí ṣe. Àkọ́kọ́ ni kí ẹrù ìpinnu kúrò lórí nọ́ọ̀sì, kó bọ́ sórí ìlànà. Royal College of Physicians ní London gbé ìlànà òǹkà kan tí wọ́n ń pè ní NEWS jáde ní 2012, wọ́n sì tún un ṣe ní 2017. Ohun méje ni wọ́n ń wò: iye ìgbà tí aláìsàn ń mí ní ìṣẹ́jú kan, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, bóyá wọ́n ń fún un ní ọ́síjìn, ìfúnpá, bí ọkàn ṣe ń lù, bí ara ṣe gbóná tó, àti bóyá orí rẹ̀ pé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Èémí 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan gba 3. Ìfúnpá tí nọ́mbà òkè rẹ̀ jẹ́ 90 tàbí kó dín gba 3. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá dé 5, kí wọ́n pe dókítà kíákíá. Bó bá dé 7, ó di pàjáwìrì. Níbi tí irú ìlànà yìí bá wà lára ògiri, tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ sì fọwọ́ sí i, nọ́ọ̀sì kò ní máa tọrọ àforíjì kó tó sọ̀rọ̀. Yóò kàn sọ pé, "Ó ti dé 7, sà." Ẹ tún fi ìtọ̀ kún ohun tí ẹ kọ sí ògiri: àgbàlagbà tó wọn kílò 70 tí ìtọ̀ rẹ̀ kò tó mílílítà 35 ní wákàtí kan, kí wọ́n pe dókítà. Kí ẹ sì kọ gbólóhùn kan sísàlẹ̀ rẹ̀ pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ nípa aláìsàn lè pè, kódà bí òǹkà kò tíì dé ibẹ̀. Gbólóhùn yẹn ni àwọn ọ̀gá máa ń fẹ́ yọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́. Òun ni yóò gba ẹni tí òǹkà kò tíì mú.

Èkejì ni bí wọ́n ṣe ń gba ìpè. Ìlànà SBAR, tí òṣìṣẹ́ fi ń ròyìn aláìsàn fún dókítà, tí ilé ìwòsàn yá lọ́wọ́ ọkọ̀ ogun abẹ́ omi Amẹ́ríkà, ní apá mẹ́rin: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísinsìnyí, ohun tó ti wà nílẹ̀, ohun tí mo rò pé ó jẹ́, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe. Gbogbo ilé ìwòsàn ló ń kọ́ òṣìṣẹ́ kékeré ní èyí. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń kọ́ ọ̀gá ní bó ṣe yẹ kó fetí sí i. Apá kẹta àti ìkẹrin ló máa ń há ọmọdé lọ́nà ọ̀fun, torí ó ń rò ó pé, ta ni mo jẹ́ tí n ó máa sọ irú àìsàn tó jẹ́ fún dókítà? Nítorí náà, ọ̀gá ni yóò bèèrè. Kó kọ́kọ́ sọ pé, "O ṣeun tí o pè." Kó jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdá a lẹ́nu. Kó wá ní, "Kí lo rò pé ó jẹ́?" Lẹ́yìn náà: "Ṣé o fẹ́ kí n wá?" Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni kò gbọ́dọ̀ fo láé, nítorí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kò ní lè la ẹnu sọ pé "Ẹ máa bọ̀," àmọ́ wọn yóò dáhùn "Bẹ́ẹ̀ ni" kíákíá bí wọ́n bá bi wọ́n. Bí ìpè náà kò bá ju nǹkan kékeré lọ, kó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn méjì, kó sì parí rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó yẹ kí ẹni náà máa ṣọ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀ ń gbà.

Ìlànà kan náà ló wà nídìí nọ́mbà oògùn. Bí dókítà bá kọ .5 láìfi òdo síwájú rẹ̀, ẹlòmíràn lè kà á sí 5. Bó bá kọ 5.0, ó lè di 50. Bó bá ké ọ̀rọ̀ "units", tí wọ́n fi ń wọn insulin, oògùn àtọ̀gbẹ, kúrú sí U, 4U máa ń jọ 40. Ìlọ́po mẹ́wàá ni gbogbo ìwọ̀nyí. Kí ẹ máa kọ òdo síwájú ààmì, kí ẹ má kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì kọ "units" tán pátápátá. Ṣùgbọ́n bí ìkọ̀wé ṣe lè dára tó, ẹni tó ń fa oògùn náà sínú síríńjì ni ojú ìkẹyìn. Bó bá wá béèrè pé, "Sà, ṣé 5 lẹ kọ yìí lóòótọ́?", kí ìdáhùn jẹ́, "O káre tí o bèèrè, jẹ́ ká jọ wò ó." Kó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí nọ́mbà náà tọ̀nà pẹ̀lú. Ọjọ́ tó tọ̀nà gan-an ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tí wọ́n fi ṣẹ̀sín nítorí pé ó bèèrè ohun tó tọ̀nà kò ní bèèrè èyí tó ṣì. Bó bá sì jẹ́ àṣẹ ẹnu ni, ẹni tó gbọ́ ọ yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò kà á padà, ẹni tó pàṣẹ yóò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀gá tó bá ní "Ṣé etí rẹ di ni?" nígbà tí wọ́n ń kà á padà ti ba ààbò kan jẹ́ fún gbogbo àwọn tó gbọ́ ọ.

Ní tíátà, ìwé àyẹ̀wò iṣẹ́ abẹ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2008 ní ohun 19, ọ̀kan nínú wọn sì ni pé kí gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá sọ orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ kí abẹ tó kan ara. Wọ́n dán ìwé náà wò ní ilé ìwòsàn mẹ́jọ ní ìlú mẹ́jọ. Àbájáde rẹ̀, tó jáde ní 2009, fi hàn pé ikú aláìsàn lọ sílẹ̀ láti 1.5 sí 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún. N kò ní sọ pé orúkọ dídá nìkan ló ṣe é. Àmọ́ mo gbà pé ẹni tí ohùn rẹ̀ ti jáde lẹ́ẹ̀kan nínú yàrá á rọrùn fún un láti tún sọ̀rọ̀. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé wọ́n á fi ẹnu wúyẹ́wúyẹ́ sọ ọ́ nígbà tí abẹ ti wà lọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ, tí nọ́ọ̀sì tó ń gbé irinṣẹ́ wọlé sì ṣì wà níta. Kí gbogbo ọwọ́ dúró. Kí akẹ́kọ̀ọ́ àti olùrànlọ́wọ́ kọ́kọ́ sọ tiwọn, kí ọ̀gá sọ tirẹ̀ kẹ́yìn. Kí ó wá sọ gbólóhùn kan: "Bí ẹnikẹ́ni bá rí ohun tí kò dá a lójú, kó sọ ọ́, n ó dúró." Kí wọ́n sì kọ àwọn orúkọ náà sára pátákó, torí pé nígbà pàjáwìrì, ẹni tí wọ́n bá fi orúkọ pè ni yóò gbéra. "Ẹnì kan lọ gbé ẹ̀jẹ̀ wá" kì í gbé ẹnikẹ́ni dìde.

Ní ti àwọn tó ń gbálẹ̀ àti àwọn tó ń fọ aṣọ, ohun tí mo rí ni pé ẹ̀rín músẹ́ àti "ẹ kú iṣẹ́" kò tó rárá. Ibi abẹ́rẹ́ ni kí ẹ ti wò bóyá wọ́n bọ̀wọ̀ fún wọn. Abẹ́rẹ́ tí dókítà gbàgbé sínú aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ ẹni tó ń fọ aṣọ ló máa ń gún. Èyí tí wọ́n jù sínú ike ìdọ̀tí lásán, agbálẹ̀ tó di ọ̀rá rẹ̀ ló ń gún ní itan. Ẹni tó bá lo abẹ́rẹ́ ni kó sọ ọ́ nù fúnra rẹ̀, lójú ẹsẹ̀, láìdé ìdérí rẹ̀ padà. Kí àpótí abẹ́rẹ́ wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó o láìgbé ẹsẹ̀. Bó bá ti kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí wọ́n dé e pa, kí wọ́n gbé òmíràn. Níbi tí wọ́n ti ń jẹ́ kó kún dé ẹnu, ẹni tó bá wá gbé e ló ń fara gbá a.

Òṣìṣẹ́ tí abẹ́rẹ́ bá gún, kó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀. Kó má fún ojú ibẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè jáde, kó má da omi kúlórìn sí i. Kó sọ fún alábòójútó lójú ẹsẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ náà bá ti kan ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní kòkòrò HIV, ewu pé yóò kó o jẹ́ nǹkan bíi 3 nínú 1,000. Ti àrùn mẹ́dọ̀wú irú B lè tó 30 nínú 100 fún ẹni tí kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Oògùn tó ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, bó bá sì yá tó ló dára tó. Ọjọ́ 28 ni wọ́n ń lò ó. Àjẹsára mẹ́dọ̀wú B jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta: ọjọ́ àkọ́kọ́, oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, àti oṣù kẹfà. Ẹ wo ìwé àwọn tó ti gba àjẹsára yìí nínú ilé ìwòsàn yín. Bí orúkọ dókítà àti nọ́ọ̀sì bá wà níbẹ̀, tí orúkọ agbálẹ̀ kò sí, bóyá torí pé iléeṣẹ́ mìíràn ló gbà á síṣẹ́, ẹ ti rí iye tí wọ́n ka ẹ̀mí rẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbọ̀wọ́: èyí tó fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń yẹ ara wò kò yẹ fún gbígbé ìdọ̀tí, èyí tó nípọn, tó gùn kọjá ọrùn ọwọ́, ló yẹ. Ohun mìíràn tó máa ń ba gbogbo ètò yìí jẹ́ ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń bi ẹni tí abẹ́rẹ́ gún: "Kí lò ń wò tó fi gún ọ?" Ẹni tó bá gbọ́ èyí lẹ́ẹ̀kan yóò fi ìkejì pamọ́, wákàtí 72 yóò sì kọjá lórí rẹ̀.

Ọ̀wọ̀ náà wà nínú ṣíṣàlàyé. Kòkòrò kan tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru nílé ìwòsàn, Clostridioides difficile, máa ń sọ ara rẹ̀ di hóró líle tí ọtí tí wọ́n fi ń pa ọwọ́ kò lè pa. Ọṣẹ àti omi ló ń ṣí i kúrò lọ́wọ́, kúlórìn ló ń pa á lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí ẹ kò bá sọ èyí fún ẹni tó ń nu yàrá, ohun tó ń lò ní yàrá mìíràn ni yóò lò níbẹ̀, yóò sì gbé e dé bẹ́ẹ̀dì tó kàn. Kò dìgbà tí ẹ bá sọ àìsàn tó ń ṣe aláìsàn. Ọ̀rọ̀ àṣírí nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà ní èdè tó ń kà pé yàrá yìí gba kúlórìn àti ọṣẹ. Ẹ fún un ní òṣùwọ̀n gan-an: bí omi kúlórìn inú ike bá jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ife kan sínú ife omi 49 ni ti orí tábìlì àti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ife kan sínú ife omi mẹ́sàn-án ni ti ibi tí ẹ̀jẹ̀ dà sí. Kó fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Ẹni tó mọ ìdí rẹ̀ yóò dúró de ìṣẹ́jú 10 náà kódà nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ẹni tí wọ́n kàn pàṣẹ fún yóò nù ún kúrò bí alábòójútó bá ti yí ẹ̀yìn padà, n kò sì rí ìdí tí a ó fi dá a lẹ́bi.

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá ń ṣe jẹ́jẹ́, iṣẹ́ yóò dẹ̀. Rárá o. Ẹni tó bá ń bo àṣìṣe ọmọ abẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò bọ̀wọ̀ fún un. Ó ń sọ pé kò lè kọ́ ẹ̀kọ́ ni. Ìbáwí gbọ́dọ̀ wà, àmọ́ ó ní àkókò, ó sì ní ibi. Bí ewu bá wà lọ́wọ́, kí ọ̀gá sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn, ní ọ̀rọ̀ díẹ̀, láìfi èébú kún un: "Dúró. Má fún un ní abẹ́rẹ́ yẹn." Ìyókù di ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nítorí pé aláìsàn tó gbọ́ tí wọ́n ń bú nọ́ọ̀sì rẹ̀ kò ní fọkàn tán an mọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Kó jẹ́ ọjọ́ kan náà, kó má di ọjọ́ ìgbéléwọ̀n ọdún. Kí ọ̀gá sọ ohun tó fojú rí nìkan: "Ìwọ̀n ìfúnpá aago mẹ́wàá kò sí nínú ìwé," kì í ṣe "Ọ̀lẹ ni ọ́." Kó bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, kó sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ ni yóò ti gbọ́ pé ẹ̀rọ ìfúnpá kan ṣoṣo ló wà fún aláìsàn ọgbọ̀n, tàbí pé wọ́n rán ẹni náà lọ sí láàbù lẹ́ẹ̀mẹta ní wákàtí yẹn. Kó wá fi èyí tó tọ́ hàn án, pẹ̀lú ìdí rẹ̀, kí wọ́n sì jọ sọ ohun tí yóò yí padà, títí kan ohun tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ yóò wá ojútùú sí.

Amy Edmondson, onímọ̀ ní Harvard, rí nǹkan kan nínú ìwádìí tó tẹ̀ jáde ní 1996 lórí àṣìṣe oògùn ní wọ́ọ̀dù: àwọn ẹgbẹ́ tí olórí wọn dára jù ni àṣìṣe wọn pọ̀ jù nínú ìwé. Àlàyé rẹ̀ ni pé wọn kì í fi tiwọn pamọ́. Nítorí náà, wọ́ọ̀dù tí kò bá ní àkọsílẹ̀ àṣìṣe kankan fún odidi oṣù, èmi kì í yìn ín. Mo máa ń fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù níbẹ̀.

Ìsinmi àti oúnjẹ kò gba àlàyé púpọ̀. Bí àsìkò ìsinmi bá wà nínú ìwé iṣẹ́ tí kò sẹ́ni tí wọ́n yàn láti gba ipò ẹni tó fẹ́ sinmi, kò sí ìsinmi. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí yóò dúró dè é. Kí ìwé iṣẹ́ oṣù tó ń bọ̀ jáde kó tó di ọ̀sẹ̀ tí oṣù náà yóò bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó lọ́mọ nílé lè ṣètò. Kí ẹ má sì rán olùrànlọ́wọ́ lọ ra nǹkan ti ara yín lásìkò iṣẹ́; ẹni tí a gbà fún aláìsàn ni.

Àwọn òṣìṣẹ́ kékeré náà ní ohun ìjà tiwọn, ó sì yẹ kí ọ̀gá kọ́ wọn ní lílò rẹ̀. Nínú TeamSTEPPS, ètò tí wọ́n fi ń kọ́ òṣìṣẹ́ ìlera ní bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2006, bí wọn kò bá dá ọ lóhùn nígbà àkọ́kọ́, o gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀rọ̀ náà á máa le sí i ní ìpele mẹ́ta: "Nǹkan yìí ń kọ mí lóminú." "Ọkàn mi kò balẹ̀ sí i rárá." "Ewu ni èyí jẹ́ fún aláìsàn, ẹ jẹ́ ká dúró." Bí wọ́n bá dé ìpele kẹta, iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró, ẹni yòówù tó sọ ọ́. Ọ̀gá tó bá fẹ́ kí èyí ṣiṣẹ́ yóò jẹ́ kí wọ́n fi ṣe ìdánrawò lórí òun fúnra rẹ̀, ní ọjọ́ tí ara tu gbogbo ènìyàn, kó tó di ọjọ́ pàjáwìrì. Bí olùrànlọ́wọ́ bá sì rí ohun tó gba aláìsàn là, kí dókítà kọ ọ́ sínú fáìlì bẹ́ẹ̀ pé òun ló rí i, kó sì dárúkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fi iṣẹ́ lé ara wọn lọ́wọ́ ní àárọ̀.

Ìbínú yóò wá, nítorí iṣẹ́ náà le. Ọ̀gá tó bá jágbe mọ́ òṣìṣẹ́ lójú ènìyàn mẹ́fà, tó wá lọ bẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀, ààbọ̀ ni ó ṣe. Àwọn mẹ́fà yẹn ṣì rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é níbí. Kó tọrọ àforíjì lójú àwọn tó gbọ́ ọ, kí ṣífìtì náà tó parí. Kó sọ ohun tó ṣe gan-an, kó má fi "àmọ́ ìwọ náà" kún un, kó sì bèèrè ohun tí ẹni náà fẹ́ sọ kí òun tó dá a lẹ́nu. Bó bá ti kúrò ní wọ́ọ̀dù kó tó rántí, kó fi fóònù pè padà, kó fi orúkọ bèèrè ẹni náà, kó bá a sọ ọ́, kó sì sọ ìyókù lójú gbogbo wọn nígbà tí wọ́n bá tún péjọ láti gba iṣẹ́.